Kí ẹ tó gé kéèkì ọdún mẹ́wàá: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá rélùwéè

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin orílẹ̀-èdè yìí wà níkàáwọ́ yín,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà. Kaduna ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Fáyàmáànù, ẹni tó ń ko èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, ni bàbá mi, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń jẹ èédú. Ọmọ Ọ̀fà ni, rélùwéè ló gbé e dé òkè Ọya, òkè Ọya náà ló sì sùn sí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọmọ ilé ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe àlejò tó ń wá ẹ̀sùn sí yín lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2026, yóò pé ọdún mẹ́wàá géérégé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí: àgọ́ aláràbarà, aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ ìkíni látinú ìwé, kéèkì, ìrẹsì inú kúlà. N kò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣáájú kéèkì. Àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wa ń tán lọ níṣojú yín. Wọ́n ń gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹran Iléyá, wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n tà lórí òṣùwọ̀n. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta nìyẹn, kí gbogbo ayé bá wa kà á. Mo ti kọ èyí tí a fi àpòòwé dì rí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó gbé ìbínú mi dìde. Ọdún 2025 ni rélùwéè pé 200 ọdún lágbàáyé. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1825 ni ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Locomotion, tó jáde láti ilé iṣẹ́ àwọn Stephenson, fa èédú, ìyẹ̀fun àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn láti Shildon dé Stockton ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé ní Derby, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún náà, láti ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ilé iṣẹ́ Alstom ṣí ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú irin nílùú Derby sílẹ̀ fún ayẹyẹ. Ọmọ náà lọ, ó sì ń fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ó lé ní 140 ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kó jọ sójú kan. Èyí tó ń jẹ èédú wà níbẹ̀, èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, èyí tó ń lo iná mànàmáná wà níbẹ̀. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tò síbẹ̀, wọ́n ń dán yanran, idẹ ara wọn ń tàn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn arúgbó tó wọ aṣọ iṣẹ́ tí òróró ti rin dúró lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n ń ṣàlàyé fún ọmọdé bí omi ṣe ń di agbára. Bàbá gbé ọmọ sí èjìká kí ọmọ lè fojú kan ibi tí wọ́n ti ń ko èédú sínú iná. Tikẹ́ẹ̀tì tán pátápátá kí ọjọ́ náà tó pé. Tikẹ́ẹ̀tì o! Wọ́n sanwó láti wá wo ohun tí ẹ̀yin ń pè ní kóńdẹ́ẹ̀mù.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tún gbé ẹ̀dà Locomotion jáde, ó sì rìn lójú ọ̀nà tí ti àkọ́kọ́ rìn ní 200 ọdún sẹ́yìn. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dà ni. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ 150 ọdún. Ojúlówó rẹ̀ wà ní mùsíọ́mù, wọn kò jẹ́ kí òjò pa á. Èyí ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ kan, wọ́n ti ń ro èyí tí yóò tẹ̀ lé e ní àádọ́ta ọdún.

Ọmọ ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń bá mi wò ó. Abuja ni wọ́n bí i sí. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ti àwọn ará Ṣáínà tó máa ń wọ̀ láti Idu, téṣàn Abuja, tó bá ń bọ̀ wá kí wa. Ó ní, “Bàbá àgbà, tiwa ńkọ́? Níbo ni wọ́n kó tiwa sí?” Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú yín.

2. Ẹ má dá mi lóhùn pé òyìnbó ni wọ́n, pé owó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa.

Nairobi ti ní mùsíọ́mù rélùwéè láti ọdún 1971. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ó dùn yín dọ́kàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe irú ẹ́ńjìnnì kan fún Nàìjíríà. Ẹ́ńjìnnì alágbára ni, wọ́n sì fi orúkọ àwọn odò wa sọ wọ́n, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe irú rẹ̀ ní River. Nígbà tí rélùwéè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń wá ẹ́ńjìnnì tuntun, irú tiwa yìí ni wọ́n wò ṣe tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1951. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ọ̀kan lára tiwọn, kí ó lọ sí mùsíọ́mù Nairobi.  Ẹ̀dà wà nílé ọlọ́mọ, àwa tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ń wá tiwa láàárín koríko.

Bulawayo ní Zimbabwe ní tirẹ̀. Livingstone ní Zambia ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Sierra Leone ló ń dójú tì mí jù lọ. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni rélùwéè ìjọba ibẹ̀ kógbá sílé, kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò mọ́. Ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e, ó sì pé bí ọdún mọ́kànlá. Àní pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ní 2005 wọ́n ṣí mùsíọ́mù rélùwéè ní Cline Town, nílùú Freetown. Kóòṣì tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sílẹ̀ de ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth ní 1961 ṣì wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí kò ní rélùwéè tó ń gbé èrò ní mùsíọ́mù rélùwéè. Orílẹ̀-èdè tó ní ojú irin tó gùn tó kìlómítà 3,505 láti ayé àtijọ́, ká má tíì ka ti tuntun, ni ọmọdé ti ń béèrè pé níbo ni wọ́n kó o sí.

Mi ò ní ṣàìdárúkọ àwọn tó ṣe dáadáa. Ní Èbúté Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy 1995, tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún ilé kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣe, ilé tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, wọ́n sì kó ohun ìrántí rélùwéè síbẹ̀. Mo kí wọn. Ní Jos náà, ọgbà mùsíọ́mù ní ààyè fún ohun ìrìnnà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tó wà ní Rigasa, níbi tí téṣàn tuntun ti Kaduna wà, tàbí Gwagwalada kò lè máa lọ sí Èkó nítorí àtirí ohun tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Bí ibòmíràn bá wà ní àríwá tí ẹ ti tọ́jú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sábẹ́ òrùlé, ẹ kéde rẹ̀, ká gbé àwọn ọmọ wa lọ.

3. Kí ló dé tí mo fi ní òkè Ọya ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Nítorí pé níbí ni irin ti so Nàìjíríà pọ̀.

Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé irin sílẹ̀ ní 1896. Ó dé Ìbàdàn, wọ́n ṣí i ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Níbẹ̀ ni Odò Ọya ti dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá títí afárá fi parí ní 1916. Ní ìhà kejì, gómìnà àríwá nígbà náà, Percy Girouard, enjiníà ará Kánádà tó ti la ojú irin kọjá aṣálẹ̀ Sudan rí, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti Baro létí odò ní 1907. Ìyẹn dé Kano ní 1911. Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní Minna. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1912, wọ́n pa wọ́n pọ̀ di rélùwéè kan ṣoṣo. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914 ni Lugard pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Rélùwéè ti di ọ̀kan ní ọdún kan àti oṣù mẹ́ta kí Nàìjíríà tó di ọ̀kan.

Ìlú Kaduna gan-an tí mo ń gbé, irin ti kọjá níbẹ̀ kí ilé ìjọba tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ojú irin tó gbéra ní Port Harcourt la Enugu àti Makurdi wá, Kaduna náà ló já sí. Kafanchan di ìlú ńlá nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà Jos ti yà. Wọ́n lé irin dé Kaura Namoda ní 1929, Nguru ní 1930, Maiduguri ní 1964. Láti Zaria, ojú irin tóóró kan wà tó lọ sí Jos àti Bukuru nítorí tánganran, ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 762 lọ; ní 1957 ni wọ́n pa á tì. Ká tó rí èyí, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń sáré ní Zungeru láti 1901. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní kóńdẹ́ẹ̀mù, ṣé ẹ mọ iye ìtàn tó wà lórí irin yẹn?

Òyìnbó rò pé òwú ni Kano yóò máa kó wọ ọkọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wọn. Àwọn àgbẹ̀ Kano wo ọjà, wọ́n rí i pé ẹ̀pà ló ń pawó, wọ́n gbin ẹ̀pà. Ẹ̀pà pọ̀ débi pé wágọ̀nù kò tó kó o, àpò ń gorí àpò, ìyẹn ló sì fa àwọn òkè ẹ̀pà Kano tí wọ́n yà sára owó àti sínú ìwé iléèwé wa. Obì láti Agége àti Ifọ̀ ń gun òkè, màlúù láti Kano àti Nguru ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tí ẹ ń rí ní Sabon Gari àti ní Tudun Wada, kí wọn ó bi ìyá ìyá wọn léèrè ohun tó gbé wọn dé. Akọ̀wé wà nínú wọn, kápẹ́ńtà wà, oníṣòwò aṣọ wà, dírẹ́bà wà, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Bàbá mi máa ń dá dírẹ́bà mọ̀ láti inú yàrá wa, bó bá ṣe fọn fèrè tó bá ń wọ Kaduna Junction. Ó lè ní, “Lágbájá nìyẹn, kò kánjú rí láyé rẹ̀.” Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ṣùgbọ́n fèrè oníkálukú yàtọ̀.

Ìdí rèé tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn afẹ́wo-nǹkan-àtijọ́ lásán ni. Ogún wa ni.

4. Ẹ̀rí mi. N kò ní dárúkọ téṣàn náà, nítorí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kékeré tó wà níbẹ̀ ni mo ń bá wí. Lórí ojú irin àtijọ́ ní àríwá yìí, mo bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ̀lú gáàsì àti ẹ̀rọ ìgérin, wọ́n ń la bọ́ílà ẹ́ńjìnnì èédú kan sí méjì. Trélà dúró dè wọ́n. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Ó fi ìwé hàn mí pé wọ́n ti tà á bó ṣe yẹ, pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí kò ti rìn. Mo bi í pé nọ́ńbà wo ló wà lára rẹ̀, ọdún wo ni wọ́n ṣe é, ta ló ṣe é. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ti tú àwo idẹ tí ìdáhùn wà lára rẹ̀ lọ ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kú, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń bu ọwọ́ lùwé kò mọ̀. Idẹ ló ń kọ́kọ́ lọ: nọ́ńbà, fèrè, àwọn ojú tí wọ́n fi ń wo omi àti ìfúnpá. Lẹ́yìn náà ni bàbà. Bàbà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpótí iná àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ́n lọ́jà, ìyẹn ni àwọn tó ń ṣa àjákù irin, tí Hausa ń pè ní 'yan bola, ṣe máa ń kọjá gbogbo irin tó kù lọ bá a. Tí bàbà bá ti lọ, ohun tó kù kò jẹ́ nǹkan kan mọ́ lójú ẹnikẹ́ni, ó di ìwọ̀n tọ́ọ̀nù. Ti kóòṣì onígi yàtọ̀: ikán ni, àti òjò tó ń gba òrùlé wọlé. Ti ìwé ló burú jù, nítorí kì í pariwo. Ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, ìwé tí ọ̀gá téṣàn fi ń kọ àkókò tí ọkọ̀ dé àti èyí tó lọ, àwòrán afárá, tikẹ́ẹ̀tì páálí kéékèèké ìgbà yẹn: mo rí i tí wọ́n fi dáná ìrẹsì.

Àwọn tó ń jí irin ojú ọ̀nà pàápàá kò fi ṣe àṣírí mọ́. Ìgbà gbogbo ni ìwé ìròyìn ń gbé e pé ọlọ́pàá tàbí síbílì dìfẹ́ǹsì mú wọn pẹ̀lú ẹrù trélà. Olè ni à ń mú. Ẹni tó fi ìwé àṣẹ gé ẹ́ńjìnnì, kí la fẹ́ mú un fún?

5. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Ẹ máa ní kò sówó. Ẹ́ńjìnnì tí a fẹ́ wò lásán kò nílò kí ó rìn. Kò nílò pé kí ògbóǹtarìgì wá yẹ bọ́ílà rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Òrùlé ni, ọ̀dà, gíríìsì, odi, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kí ẹ pe àwọn tó mọṣẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ asibẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n fi máa ń wé bọ́ílà nígbà náà, nítorí ewu rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Owó àgọ́ àti kéèkì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ máa ní ojú irin tuntun kò gba ti àtijọ́. Òótọ́ ni. Mìlímítà 1,067 ni ìbú ti àtijọ́, 1,435 ni ti Abuja sí Kaduna, ẹ́ńjìnnì ọjọ́un kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Idu. Trélà tó wá gbé àjákù rẹ̀ náà lè gbé odidi rẹ̀.

Ẹ máa ní ètò ààbò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ṣeré. A kò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí wọ́n fi àdó olóró dá ọkọ̀ ojú irin dúró lójú ọ̀nà Abuja sí Kaduna, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì jí àwọn tó lé ní 60 gbé wọ igbó. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ tó tún rìn. Àwọn aládùúgbò mi wà tí wọn ò tíì lè wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n àárín ìlú ni mo ní kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sí, kì í ṣe igbó Katari. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí: ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá tí kò bá ka orúkọ àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn sókè, kí ẹ má pè mí sí i.

6. Ohun tí a ń béèrè nìyí. Mo tò ó bí ó ṣe kánjú sí.

Kí ẹ dá gbogbo títà àti gígé ẹ́ńjìnnì, kóòṣì àti wágọ̀nù àtijọ́ dúró lónìí, ní gbogbo téṣàn tó wà lókè Ọya. Lónìí ni mo wí. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ jókòó, kí wọ́n jókòó lẹ́yìn tí gáàsì bá ti kú.

Kí ẹ rán èèyàn jáde láti ka ohun tó kù: ní Minna, Zungeru, Baro, Kaduna, Zaria, Kafanchan, Jos, Bukuru, Bauchi, Gombe, Maiduguri, Kano, Nguru, Gusau, Kaura Namoda. Nọ́ńbà, ọdún, ibi tí wọ́n ti ṣe é, fọ́tò ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ gbé e síta fún gbogbo èèyàn. Èyí kò nílò ju fóònù àti bírò lọ; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ nípa ohun ìrìnnà tó wà ní Zaria lè fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí wọn.

Kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan sí Rigasa, kí ẹ gbé ọ̀kan sí Idu, kí ọjọ́ 26 oṣù Keje tó pé, kí ọmọdé tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ tuntun kọ́kọ́ bá baba rẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Kí ìjókòó wà níbẹ̀, kí ìwé àlàyé wà lára rẹ̀ ní Hausa, Gbagyi, Yorùbá, Igbo àti Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ẹ bá àjọ tó ń ṣàkóso mùsíọ́mù àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè jókòó. Òfin ọdún 1979 tó dá wọn sílẹ̀ fún wọn lágbára láti rí sí i pé a kéde ohun àtijọ́ ní ohun ìrántí, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tà tàbí wó láìgbàṣẹ mọ́. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn téṣàn àtijọ́ tó ṣì dúró. Kaduna ni n bá fẹ́ kí mùsíọ́mù náà wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sí Zaria tàbí Minna, n kò ní bá yín jà. Minna gan-an lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ibẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé.

Kí ẹ kó gbogbo ìwé àti àwòrán tó kù lọ sí ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí ní Kaduna. Ó ti wà nílẹ̀, kò sí ìdí láti kọ́ òmíràn.

Kí ẹ gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀. Àwọn fáyàmáànù, gáàdì, àwọn tó ń fa àmì ojú ọ̀nà, àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọkọ̀ láti Jẹ́bà dé Kano. Wọ́n ń tán lọ yára ju ẹ́ńjìnnì lọ. Tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n bá béèrè owó ìfẹ̀yìntì wọn kí wọ́n tó la ẹnu, ẹ má bínú sí wọn.

7. Tiwa ńkọ́? Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Kaduna kò ní fọwọ́ lẹ́rán. Mo ti bá àwọn ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí a jọ dàgbà sọ̀rọ̀, Hausa, Igbo, Nupe àti tiwa, bẹ́ẹ̀ ni ní Kano àti Jos. Fọ́tò wà nínú àpótí. Bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ wà. Tikẹ́ẹ̀tì ọdún gbọọrọ wà tí ẹnì kan fi ṣe àmì sínú Bíbélì. A máa kó wọn jọ, a máa yá mùsíọ́mù náà láìgba kọ́bọ̀. A tún lè fúnra wa ṣe ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọ iléèwé lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ó wà lára wa láti máa sọ̀rọ̀.

Ohun tí a fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín ni orúkọ ẹni kan ṣoṣo, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì tó ń lọ, tí ọ̀rọ̀ yìí yóò máa bá. Ẹ fi síta kí ó tó ku oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ayẹyẹ yín. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, a ó kó ara wa jọ ní Rigasa lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú fọ́tò àwọn ẹ́ńjìnnì tí ẹ ti gé, a ó tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn àlejò yín yóò gbà wọlé. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni a ó ṣe é, láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Fìtílà tí bàbá mi máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lóru ṣì wà nílé wa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí mùsíọ́mù, èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ pèsè rìsíìtì sílẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìwé, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ fáyàmáànù kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Kaduna.